Kásẹ́ẹ̀tì Wákà Tó Gbé Mi Dé Minna

Bí a ṣe kírun àsùbáà tán ni mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo dorí kọ gáréèjì. Ẹ̀yin ará Ìlọrin mọ iṣẹ́ mi: àwo orin àtijọ́ ni mò ń tún gbé jáde sórí kásẹ́ẹ̀tì tuntun, fún àwọn tí kò gbà pé orin inú fóònù tó orin. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Mòdínà oníwákà ló rán mi. Àwo kan ṣoṣo ni òun àti àbúrò rẹ̀, Àfúsá, jọ ṣe kí Àfúsá tó kú. Omi ti ba ojúlówó téèpù rẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e jáde, ohùn Àfúsá kò sì sí níbòmíràn.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "mo ti ń gbàgbé bó ṣe máa ń gberin. Bá mi wá a."

Oníbàárà mi kan ló sọ pé òun rí kásẹ́ẹ̀tì àwo náà rí nílé àáfà ọmọ Ìlọrin kan ní Soje, ní Minna. Àáfà ti kú, ṣùgbọ́n Alhaja Rékíyà ọmọ rẹ̀ wà nílé.

Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni mo san wọkọ̀. Títí dé Jẹ́bà, ọ̀nà ṣì ń ṣe bí ọ̀nà. Lẹ́yìn Mokwa, ó di kòtò. Mo gbé téèpù tí mo fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì lé itan, mo dì í mú gírígírí.

"Ọ̀gá, ṣé ẹyin lẹ gbé ni?" awakọ̀ bi mí.

"Téèpù ni. Ti kásẹ́ẹ̀tì."

"Kai! Ó ṣì wà láyé?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa rín in lọ, kò dùn mí rárá. Ó dùn mí díẹ̀.

Ní Bida, mo ra masa mẹ́rin ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń dín in, yájì tó ta lẹ́nu ni wọ́n sì wọ́n sí i. Àwa tí a ń fi ẹ̀kọ àti àkàrà ṣínu, ó yà mí lẹ́nu pé mo tún ra mẹ́rin sí i.

Nígbà tí a dé Minna, mo ra bátìrì ní ọjà Kure, mo wọ kẹ̀kẹ́ gba Tunga kọjá lọ sí Soje. "Sannu da zuwa," ni oníkẹ̀kẹ́ wí, ìyẹn ẹ kú àbọ̀. Mo dá a lóhùn ní Yorùbá, ló bá yí èdè padà. Ọmọ Ọ̀fà ni!

Mo dọ̀bálẹ̀ kí Alhaja, mo sọ ohun tí mo bá wá, ó fún mi lómi, ó sì gbé páálí kan jáde. Kásẹ́ẹ̀tì kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n "Tafsiri" ló wà lára gbogbo wọn, ìtumọ̀ Kùránì tí bàbá rẹ̀ máa ń ṣe nínú ààwẹ̀.

"O pẹ́ dé, ọmọ mi," ni Alhaja wí. "Mo rí kásẹ́ẹ̀tì ìyá yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ṣùgbọ́n Bàbá wa kì í gbọ́ orin. Èyí tí àwọn èèyàn bá fún wọn, tafsiri ni wọ́n máa ń gbà lé e lórí."

Kí ni mo fẹ́ wí fún Ìyá Mòdínà?

Ẹ rántí pé àwọn tó ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì orin máa ń ṣẹ́ etí kékeré méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e. Ẹ sì rántí ọgbọ́n wa: a ó ki bébà bọ ihò náà, a ó sì gba ohun tó wù wá. Àáfà mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa. Mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: bébà, bébà, bébà. Ni mo bá kan ọ̀kan tí ihò rẹ̀ ṣófo. Tafsiri ni wọ́n kọ sí i lára bíi ti ìyókù, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti kán, kò sì sí bébà níbẹ̀.

"Alhaja, kò jọ pé wọ́n gba wàásù kankan sí èyí."

Mo fi í sínú téèpù. Àtẹ́wọ́ ló kọ́kọ́ dún. Ohùn Ìyá Mòdínà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ohùn tín-ínrín kan gberin. Alhámúdù lílàhì! Mo mí kanlẹ̀.

"Ashe!" Alhaja kígbe, bí ìgbà tí àwa bá ní àṣé bẹ́ẹ̀ ló rí. "Gbogbo ọ̀sán Jímọ̀ọ̀ ni Bàbá máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́rí! Wọ́n á ní ká má pariwo, pé àwọn ń tún tafsiri gbọ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá nu ojú. "Ṣé àwọn èèyàn ò ní fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́?"

Mo ṣèlérí pé n kò ní dárúkọ bàbá, ẹ ò sì rí i níbí. Alhaja ní kí n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ, kí àwọn ọmọ-ọmọ òun má baà fi ṣeré.

Mo sùn síbẹ̀, mo padà lọ́jọ́ kejì, kòtò ò sì dùn mí mọ́. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé kí n máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kí n tó gba ohun tí wọ́n kọ sí i lára gbọ́.

Láti gáréèjì, ilé Ìyá Mòdínà ni mo gbà lọ. Ó jókòó ti téèpù, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Bí Àfúsá ṣe gberin, ìyá ní kí n pa téèpù.

"Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń sáré?" ni ó wí. "Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà! Mo ní, Àfúsá, rọra. Olóríkunkun!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀."