Òdì Káàdì Baba Lẹ́tà

Bí wọ́n bá ní kí Ìyá Aránṣọ sọ ohun tó mọ̀ láyé yìí, á ní òun mọ aṣọ rán, òun mọ ọmọ tọ́, òun sì mọ èdè Ṣáínà láti ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ rí á rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Kò ṣẹ̀fẹ̀ rárá.

Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Lẹ́tà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà. Àpótí kan wà lábẹ́ tábìlì yẹn tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí bí kò bá sẹ́ni tó lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti ilẹ̀ Éṣíà wá, tí àmì dúdú dúdú kún ara wọn bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí ẹrẹ̀. Baba Lẹ́tà ò lè gbójú kúrò lára àpótí yìí. Tó bá délé, á máa sọ ọ́ pé èèyàn kan ló jókòó kọ èyí, tó fi itọ́ lẹ sítáǹbù, tó sì ń retí èsì, lẹ́tà sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn níbí. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní aago ara ògiri. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gba yunifásítì lọ, ó forúkọ sílẹ̀ láti kàwé gboyè nínú èdè, àṣà àti ìtàn àwọn ará Éṣíà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni nígbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ pé ògiri kan péré ló wà láàárín ilé tirẹ̀ àti tiwọn, ló kọ́kọ́ gbọ́, òun náà ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá gboyè ọ̀hún tán, ta ló fẹ́ gbà á síṣẹ́, àbí ọba Ṣáínà ni? Baba Lẹ́tà fèsì pé wọn ò ní ọba mọ́, pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí èyí tó jẹ kẹ́yìn ti kúrò lórí oyè, ọmọdé ni wọ́n sì rọ̀ lóyè. Ẹ̀gbọ́n ní hẹn-ẹn, ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ìyá Aránṣọ kàn ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Kíláàsì kẹta lòun ti kúrò níléèwé. Ó lè ka Yorùbá, ó lè kọ ọ́, ó lè kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí sínú ìwé oníbàárà, ìyẹn sì ti tó o láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn ìwé ńlá tí ọkọ rẹ̀ ń gbé wọlé, kì í ṣí wọn. Òróró maṣíìnì kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀, Baba Lẹ́tà kò sì fẹ́ kí òróró kan ìtàn ilẹ̀ Jàpáànù.

Iṣẹ́ káàdì ló dà wọ́n pọ̀. Wọ́n ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ọ̀rọ̀ èdè Ṣáínà sórí káàdì, kí wọ́n fi máa dán ara wọn wò. Baba Lẹ́tà ò ra páálí. Pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gé pátáànì ló gbà, ó gé e sí kéékèèké. Lójú kan, ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà kọ àmì. Lójú kejì, ó fi pẹ́ńsùlù kọ bí wọ́n ṣe ń pè é àti ohun tó túmọ̀ sí ní Yorùbá.

Lọ́sàn-án tí kò bá sí kíláàsì, á gbé àga rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, á kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé torí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń ta á lójú. Ìyá Aránṣọ á wà nídìí maṣíìnì níwájú rẹ̀, á na káàdì sókè. Ojú tó ní àmì á kọ sí Baba, ojú tó ní ìdáhùn á kọ sí òun. Bí Baba bá gbà á, káàdì á bọ́ sínú agolo bọ́tìnnì. Bó bá ṣì í, Ìyá Aránṣọ á pè é fún un, á sì ní kó wò ó báyìí, ọmọ kíláàsì kẹta ló ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

“Ìdáhùn ló wà lọ́wọ́ rẹ, tíṣà,” Baba á wí. “Yí káàdì padà ká wo bó o ṣe mọ̀ ọ́n tó.”

Kò yí i padà lọ́jọ́ kan. Kí ni ìdí tó fi máa yí i padà? Ẹni tó ń jáwé borí lójoojúmọ́ kì í wá ìjàngbọ̀n.

Nígbà tí káàdì bá sú wọn, Baba á sọ ìtàn. Ó sọ fún un nípa sílíkì, pé ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ará Ṣáínà fi pa á mọ́ pé ara kòkòrò ni fọ́nrán rẹ̀ ti ń jáde, tí àwọn ará ìta ò sì mọ̀. Ìyá Aránṣọ ní irọ́ ni, àwọn aránṣọ á ti mọ̀, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n ni.

Báyìí ni ọdún mẹ́ta lọ. Ó ku ọdún kan kí Baba Lẹ́tà gboyè nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò ṣú tó fi lọ.

Àga rẹ̀ wà nídìí fèrèsé níbẹ̀. Ìyá Aránṣọ ò jókòó lé e, kò sì jẹ́ kí oníbàárà kankan jókòó lé e. Á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń mì. Káàdì irinwó ó lé méjìlá wà nínú agolo bọ́tìnnì, gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn ló sì wà lẹ́nu rẹ̀, kò wá sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún. Ó sọ ọ́ fún maṣíìnì títí. Ó sọ ọ́ fún obìnrin kan tó ní kó bá òun gé apá aṣọ kúrú, ìyẹn bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú ló kó ìwé tí Baba yá padà sí yunifásítì. Tíṣà tó kọ́ Baba ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ gíláàsì. Tíṣà ní àwọn ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sáyè Baba, ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó tún ní ẹ̀ka àwọn máa ń gba àwọn tó kàn fẹ́ wá gbọ́ ẹ̀kọ́, tí kì í ṣe torí oyè, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣe ìdánwò ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n. Ẹni tó bá gba mẹ́rìndínlógún á wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń jẹ́ kéèyàn gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún. Ìyá Aránṣọ ti ṣe ìṣirò náà kó tó bọ́ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn: bí òun ò bá wọlé lọ́dún yìí, àwọn tó mọ Baba á ti gboyè lọ, àwọn àjèjì ni òun á wá bá, wọ́n á sì ti fi àyè yẹn fún ẹlòmíì.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, á ti panu mọ́. Kó tó délé, èèyàn mẹ́fà ló ti sọ fún pé ìdánwò kékeré kan báyìí ló kù, òun di èrò yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n ṣe hàà.

“Ìyàwó, ìwọ tó fi kíláàsì kẹta sílẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ débẹ̀,” ó ní. “Bí mo bá yanu, tíṣà yẹn fúnra rẹ̀ á ṣíwèé wò.”

Ó rán aṣọ tuntun fún ìdánwò náà. Lọ́jọ́ tó lọ, ó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ olórí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri, àmì Ṣáínà méjìlá lára rẹ̀. Ìyá Aránṣọ dúró, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá báyìí, wọn ò rí ẹni tó mọ ojú ìwé yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó bá wọn lẹ̀ ẹ́. Torí pé ó jẹ́ èèyàn dáadáa, ó rọra sọ fún tíṣà nígbà tó wọlé. Tíṣà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n fi ti ẹnu tí kò ní máàkì bẹ̀rẹ̀, kí ara rẹ̀ lè kọ́kọ́ balẹ̀. Tíṣà á pe ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, Ìyá Aránṣọ á fi èdè Ṣáínà dáhùn kó tó délẹ̀. Èdè tó ń gbóhùn sókè tó tún ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bíi tiwa, ibo ló ti fẹ́ le? Tíṣà yọ gíláàsì, ó tún un wọ̀. Ó ní ohùn rẹ̀ dáa ju ti àwọn tó fẹ́ gboyè lọ. Ìyá Aránṣọ ní ẹ ṣé, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

Wọ́n wá gbé pépà àti pẹ́ńsùlù fún un kó kọ àmì ọgbọ̀n. Kò kọ ọ́ rí, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ọrùn àti apá aṣọ fún ogójì ọdún, ìlà wo ni ọwọ́ rẹ̀ ò lè fà? Láìka pé ojú káàdì tó máa ń kọ sí i kò ní àmì kankan, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì; ó kàn di ojú, ó rí i bí ó ṣe máa ń rí i, ó sì kọ ọ́. Ọgbọ̀n pé. Ó parí kí àkókò tó pé.

Tíṣà wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Ó tún un wò. Ó ní, “Méje, Mà.”

“Méje tí mo ṣì?”

“Méje tẹ́ ẹ gbà.”

Òkè, igi, àárín, ilẹ̀, oòrùn, ẹnu, oko. Àwọn yẹn nìkan. Ìyá Aránṣọ rò pé inú ọmọ yìí ò dùn torí ọ̀rọ̀ ìwé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà kọ ẹṣin sórí pépà mìíràn, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ní èyí náà ti dorí kodò; rárá, kò dorí kodò, ó kọ ẹ̀yìn síni. Tíṣà bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ibi tó ti kọ́ ọ. Ó wá ṣàlàyé: maṣíìnì, àga, fèrèsé lẹ́yìn Baba, pépà pátáànì tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, tí àmì tàdáwà á fi yọ lẹ́yìn ìwé pẹ́ńsùlù, kedere.

 Tíṣà gbé ìwé ìdánwò lọ sídìí fèrèsé, ó dojú ìwé náà bo gíláàsì fèrèsé, ó sì ń ti ẹ̀yìn kà á, èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta. Gbogbo ọgbọ̀n ló pé. Àwọn méje yẹn, ọwọ́ ọ̀tún àti òsì wọn ló dọ́gba, wọn ò lójú, wọn ò lódì.

Ìgbà yẹn ló yé Ìyá Aránṣọ. Òun tó lé ọmọṣẹ́ mẹ́ta lọ sílé torí pé wọ́n ran apá aṣọ lódì. Ọdún mẹ́ta lòun fi wọ èdè odidi ilẹ̀ kan lódì, òun sì ń yan kiri ìgboro. Ó rántí ìwé ara ògiri, ó fi ọwọ́ bojú.

“Mi ò lè fún yín ju méje lọ, Mà,” ni tíṣà wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ẹ̀rín tó ń pa mọ́ra. “Mi ò lè ní kí gbogbo yunifásítì gba ẹ̀yìn ìwé kà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kẹ́ ẹ tún wá.”

Ẹ̀gbọ́n ti jókòó dè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Aránṣọ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, kò bù kankan mọ́ ọn, kò sì yọ kankan kúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìdí maṣíìnì mú. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó bi í ohun tó kù tó fẹ́ ṣe. Ìyá Aránṣọ ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ na káàdì sí òun, torí bí òun bá mú un dání fúnra òun, ojú òun á ti sá lọ wo ìdáhùn. Ẹ̀gbọ́n nawọ́ gba agolo.

“Níbo ni kí n jókòó sí?”

Kò sí ibòmíì ju ìdí maṣíìnì. Kò sì sí ibòmíì fún Ìyá Aránṣọ ju àga yẹn. Ó dúró níwájú rẹ̀ díẹ̀.

“Ṣebí o ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì,” Ẹ̀gbọ́n wí.

“Kò mì,” ó ní, ó sì jókòó.

Ẹ̀gbọ́n na èyí àkọ́kọ́ sókè. Ìyá Aránṣọ tẹ̀ síwájú, ó tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rò pé kò mọ̀ ọ́n, ó ti ń múra àtifi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ àmì náà, ní igun, lójú tí Ìyá Aránṣọ ò wò rí, wọ́n fi pẹ́ńsùlù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ kọ ọ́ wínníwínní pé: Kíláàsì Kẹta ló kọ́ mi. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n mú òmíràn. Kò sí nǹkan kan lára ìyẹn. Ó wà lára ẹ̀kẹta, ó wà lára ẹ̀kẹrin. Gbogbo èyí tí Baba ti ṣì rí tí òun sì pè fún un ló kọ ọ́ sí. Nígbà tí wọ́n ṣa gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kejì, ó jẹ́ igba ó lé mọ́kàndínlógún. Ìyá Aránṣọ ní ọkùnrin yẹn ti ń ṣì í ju bí òun ṣe rò lọ. Ohun tó rí sọ nìyẹn, ó sì ní kí Ẹ̀gbọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Nínú ìdánwò kejì, ó gba mọ́kàndínlógún. Ẹṣin ṣì kọ ẹ̀yìn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á wọlé. Ó ti ń jókòó nílà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, láàárín àwọn tó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀, kì í sì í kọjá níwájú ìwé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn láì tẹrí ba fún un.

Ní ti Ẹ̀gbọ́n, kò fẹ́ kí wọ́n dá káàdì dúró. Ó ní òun ti ń bá a bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó na káàdì kan sókè, ó sún un mọ́ ojú, ó sì ní, “Ìyàwó, ó jọ pé mo ń rí nǹkan kan lẹ́yìn pépà yìí.”

“Ẹ má wò ó o,” Ìyá Aránṣọ wí.

Ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n ti ń sọ fún ará ilé kejì pé òun náà ti ń gbọ́ èdè Ṣáínà díẹ̀díẹ̀.