Okùn Tí Tíṣà Harold Fi Ń Wọn Ìdí Àgbà

Bí ènìyàn bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Harold ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ tí wọ́n wọn ìdí alábẹ̀wò ilé-ìwé ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ dùn jù. Mọ́ṣádé wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì gbà á kí ó tó lè rẹ́rìn-ín sí i.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹgbàá ó dín ogún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ olùkọ́, wọn kò tíì kọnfáàmù rẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa ran Tíṣà Harold lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ọwọ́ kíláàsì kẹrin. Ohunkóhun tí alábẹ̀wò bá bá níbẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò jọ ru ú. Tíṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, ẹ̀rù ẹnikẹ́ni kò bà á mọ́, Mọ́ṣádé ló wá ń bẹ̀rù fún àwọn méjèèjì.

Gbogbo ilé-ìwé ló mọ̀ pé ọjà ni àwọn òbí ti ń ra ẹní àti ìgbálẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wọn. Tíṣà Harold nìkan ni kì í gbà. Ó tú etí ẹní Mùínátù, ó ní kí ó hun ún padà. Ọmọ náà ní ìyá òun ló hun ún. Tíṣà ránṣẹ́ pe ìyá náà, ó gbé àga fún un níwájú kíláàsì, ó sì rọra gbé ẹní lé e lọ́wọ́. Ìyá Mùínátù wò ó títí, ó ní òun gbé ìkòkò kaná nílé.

Òfin rẹ̀ ni pé ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ayùn kí ó tó mọ ẹni tí yóò lo ohun tó fẹ́ ṣe. Ní sáà tí à ń wí yìí, àpótí ìjókòó ni wọ́n fẹ́ kàn, láti inú àgékù pákó tí wọ́n tọrọ lọ́nà Ìjagun. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lókùn, ó ní kí wọ́n lọ wọn ìdí ẹni tí yóò jókòó lé e. Ẹ wo ọmọ tí a kọ́ dáadáa, tó kúnlẹ̀ kí àgbà tán, tó wá ní kí wọ́n kẹ́yìn sí òun. Ìgbátí ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà gbà kí wọ́n tó ta kókó ìwọ̀n sí okùn náà.

Ìyá àgbà kan tó ń yan gàrí tà, tí Kúbúrátù ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ wọ̀n, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá hẹ́dímásítà, ó ní irú ẹ̀kọ́ wo rèé. Mọ́ṣádé kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. Tíṣà Harold dúró lẹ́yìn ìyá náà, ó wò ó dáadáa, ó sì sọ fún Kúbúrátù pé kí ó fi pákó kún un.

Ọjọ́ pé, alábẹ̀wò dé. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúnrìn ni, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín. Nítorí pé a kì í fi àlejò sórí ìdúró, hẹ́dímásítà fa àpótí tó sún mọ́ ọn jù lọ, èyí tí ọmọ kan, Gbàdàmọ́sí, kàn fún bàbá àgbà rẹ̀ tí ọjọ́ orí ti sọ di kékeré. Alábẹ̀wò ti tẹ̀ láti jókòó.

“Ẹ má jókòó, sà,” ni Tíṣà Harold wí. “Àpótí yẹn lẹ́ni tó ni ín. Wọn ò wọ̀n ọ́n mọ́ yín.”

Alábẹ̀wò kò jókòó, kò sì dìde. Mọ́ṣádé ti ń di ẹrù rẹ̀ lọ́kàn padà sí Ìjẹ̀bú-Imùsin, ó ń ro ohun tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀ tó ti dúpẹ́ iṣẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kúbúrátù kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, okùn lọ́wọ́, ó ní kí alábẹ̀wò jọ̀wọ́ kọjú sí ògiri. Hẹ́dímásítà di ojú.

Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúnrìn kọjú sí ògiri.

“Tíṣà, okùn ò ká a,” ni Kúbúrátù wí.

Mọ́ṣádé ń ṣẹ́jú sí Tíṣà pé kí ó tọrọ àforíjì. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu. Tíṣà Harold yíjú sí i, ó ní, “Miss, ẹ bá a fi okùn ọwọ́ yín so ó.” Mọ́ṣádé so okùn mọ́ okùn, Kúbúrátù sì wọ̀n ọ́n tán. Alábẹ̀wò bèèrè ìgbà tí àpótí tirẹ̀ yóò parí, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí wọ́n kan àpótí náà tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mọ́ṣádé bẹ Tíṣà pé kí ó má fi ránṣẹ́ sí alábẹ̀wò. Tíṣà ní ọmọ ló ṣe é, ti ọmọ ni yóò jẹ́, ó sì fi ránṣẹ́. Kò sí èsì. Oorun kò kun Mọ́ṣádé títí wọ́n fi kọnfáàmù rẹ̀, lẹ́yìn náà pàápàá kò mọ̀ bóyá inú ń bí ọkùnrin yẹn.

Kí ọdún ẹgbàá ó dín mẹ́wàá tó wọlé, Tíṣà Harold kú. Níbi ìsìnkú, Mọ́ṣádé ń to àga nígbà tó rí Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúnrìn lẹ́nu géètì, ó ti hewú, ó gbé nǹkan há abíyá. Ẹ̀rù tún bà á bíi ti àtijọ́. Ó sáré gbé àga tó dára fún un.

“Ẹ ṣé,” ni ọkùnrin náà wí. “Mo mú tèmi wá. Wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ mi.”

Ó gbé àpótí náà kalẹ̀, ó jókòó, àpótí fì sápá kan. Àwọn ènìyàn ń fọwọ́ bo ẹnu. Mọ́ṣádé bẹ̀rẹ̀ láti fi òkúta ti ẹsẹ̀ tó kúrú.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Miss. Ìdí mi ti mọ̀ ọ́n.”

Ibẹ̀ ni Mọ́ṣádé ti bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ń rín in títí omi fi gba ojú rẹ̀. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ó sì sunkún Tíṣà rẹ̀.