Èéfín Ìyá Mi àti Ìwé Ẹ̀sùn Mi

Mo ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀sùn láyé mi, mi ò sì kábàámọ̀ púpọ̀ nínú wọn. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, èyí tí mo kọ nítorí eṣinṣin.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi, mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, mo padà sí Ìsánlú láti máa gbé pẹ̀lú ìyá mi. Bàbá fi abo màlúù kan tó lóyún sílẹ̀. Àwọn ẹbí fẹ́ pa á fún ìsìnkú. Ìyá mi ní kí ẹni tó bá fẹ́ pa á kọ́kọ́ pa òun. Nítorí náà, nígbà tí màlúù náà bí, ọmọ pupa tó bí kì í ṣe ẹran lásán lójú ìyá mi. Àràárọ̀ ló ń kí i ní èdè Ìyàgbà wa, bí ẹni ń kí ọmọ-ọmọ: "Okun o. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé o ti mu ọmú?"

Kò mu ọmú. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, eṣinṣin sì ti bo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe eṣinṣin orí oúnjẹ o. Èyí tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́. Bí ọmọ bá ti ki ẹnu bọ abẹ́ ìyá, ìyá á ta ìpá, á sá. Ọmọ á dúró, á máa wò ó. A ti lè ka eegun ìhà rẹ̀.

Ṣé mo mọ ẹni tó jẹ̀bi? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Gáà Fúlàní kan, àgọ́ àwọn darandaran, wà lápá odò, ẹran ibẹ̀ sì ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Mo jókòó, mo to gbogbo rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n kọjá, wákàtí tí wọ́n kọjá, iye eṣinṣin tí mo kà lẹ́sẹ̀ màlúù wa kí wọ́n tó kọjá àti lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Mo gbé e dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní akọ̀wé tó ń gba ìwé lọ jẹun. Mo kọ òmíràn nípa akọ̀wé, mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ìyá mi wí, "ṣé ìwé lo fẹ́ fi lé eṣinṣin ni?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣe é bó ṣe yẹ."

"Ṣe é. Bó o bá parí, fi èyí tó ṣẹ́ kù fẹ́ ẹsẹ̀ màlúù fún mi."

Ní ọjọ́ kẹta, ẹni tí mo fẹ̀sùn kàn fúnra rẹ̀ wọlé wá. Ìyá mi ló ránṣẹ́ pè é. Bàbá arúgbó gíga kan ni, ọ̀pá wà léjìká rẹ̀, Ìyàgbà tó ń sọ sì já geere ju tèmi lọ.

"Màmá Tíṣà, okun o."

"Okun o, Bàbá Gáà. Wá bá mi wo ọmọ mi."

Kò tilẹ̀ wo màlúù. Ó gba ẹ̀yìn àtíbàbà ẹran lọ síbi òkìtì ìgbẹ́ màlúù, ó fi ọ̀pá tú u. Ooru jáde. Nínú rẹ̀, ìdin ń yí bí ìrẹsì tó ń hó.

"Ta ló kó èyí jọ síbí?"

Ìyá mi gbójú sókè, ó ń wo òfuurufú.

"Màmá Tíṣà, ẹ máa ń sá a sóòrùn ni tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi dáná èéfín nírọ̀lẹ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Èmi ni mo ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo bá ìyá mi tó ń wúkọ́ níwájú iná ìgbẹ́ gbígbẹ, tí màlúù dúró sínú èéfín rẹ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ dá a mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni mo ń rò. Níwọ̀n ìgbà tí kò síná mọ́, kò sẹ́ni tó ń sá ìgbẹ́. Èmi náà ni mo fi ṣọ́bìrì kó o jọ, òjò rin ín, eṣinṣin sì yé ẹyin sí i. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo kà ní yunifásítì. Ẹ kọ ìyẹn náà sínú ẹ̀sùn.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Gáà nínú ẹrẹ̀. "Dìde jọ̀ọ́," ó ní, "kí ìdin má wọ̀ ọ́ lápò."

Nígbà tó lọ tán, mo kọjú sí ìyá mi. "Ẹ ti mọ̀?"

"Mo fura."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó ń nu ẹrẹ̀ kúrò láyà mi. "Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ sí í bá eṣinṣin ṣẹjọ́ lo jẹ iyán tán."

A tú òkìtì náà, a sá a sóòrùn. Èyí tó kù, a kó o lọ sóko iṣu. Mo gba ìwé mi padà ní ọ́fíìsì. Wọn ò tíì ṣí i. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìyẹn, mo gbé e mì. Nírọ̀lẹ́, èmi ni mò ń dáná. Ìyá mi ń jókòó níbi tí atẹ́gùn ò ti ní gbé èéfín bá a.

Eṣinṣin ò tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ màlúù tún ki orí bọ abẹ́ ìyá rẹ̀. Ìyá gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Mi ò mí. Ó gbé e kalẹ̀.

Ìyá mi dìde, ó sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí. "Rọra mu," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń lé ọ." Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi ń nu ẹ̀yìn ọmọ náà, ọmọ náà sì ń mu lọ.