Kásẹ́ẹ̀tì Pọ́ọ́kú ti Mùstàfá Ará Gáná

Lọ́jọ́ tí Mùstàfá Ará Gáná fẹ́ ra kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ́wọ́ Cornelius ní ọjà Sàngó, ní Ṣakí, ó ní kí Cornelius kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kí òun gbọ́.

"Bọ̀dá, òfìfo ni," Cornelius wí. "Kò sí ohun tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀."

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn."

Cornelius rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mùstàfá ti jókòó sórí àpótí, ó ti gbé etí sí i. Apá kìíní lọ tán, ó ní kí wọ́n yí i sí èkejì. Àwọn oníbàárà ń pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá húkọ́, á gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́. Oòrùn kúrò lórí ìsọ̀ Cornelius, ó bọ́ sórí ti aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tí ó parí, Mùstàfá dìde, ó gbọn ẹ̀wù.

"Cornelius, mo gbọ́ ọ dé ìdí. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ rárá. Èló lo máa yọ fún mi nítorí ìyẹn?"

Gbogbo Ṣakí ló mọ ibi tí mo sọ ọ́ dé yìí. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé Cornelius yọ owó lóòótọ́, kí ìsọ̀ rẹ̀ lè ráàyè mí. Mùstàfá sì kọ̀, kò rà á mọ́. Ó ní ọjà tí ẹni tó ni ín yára yọ owó rẹ̀ báyẹn, nǹkan ń ṣe é.

Ó lọ ra tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ẹrù wọlé láti ẹnubodè. Èyí tó jẹ́ owó pọ́ọ́kú jù ni. Kò ní páálí, kò ní àwòrán. Bébà sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi wé e. Ó sì lọ́ra. Bí o bá fi ohùn rẹ sí i lónìí, tí o bá gbọ́ ọ lọ́la, wàá rò pé iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ.

Ó fi ọ̀kan nínú wọn gba wáàsí àlùfáà àdúgbò sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù ohun tí àlùfáà máa sọ bí ó bá gbọ́ ara rẹ̀. Àlùfáà gbọ́ ọ títí dé òpin. Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó dára gan-an," ó ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe wáàsí, òní ni mo tó gbọ́ ohun tí mò ń sọ."

Oko iṣu ni iṣẹ́ Mùstàfá, lọ́nà Ogbooro. Nígbà tí wọ́n lé àwọn ará wa ní Gáná, àwọn ẹlòmíràn gbé ìkòkò àti àpò bọ̀. Òun gbé rẹ́kọ́dà kan bọ̀. Nírọ̀lẹ́, àwọn tí èèyàn wọn wà ní Àbíjàn á wá bá a. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, dírẹ́bà lọ́rì á bá wọn gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn, àwọn tí kò mọ̀wé.

Àwáwù, ọmọ Àmúdà, wà lára wọn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Wọn ò tíì so yìgì rẹ̀ pẹ́ tí Mọ́nsúrù ọkọ rẹ̀ fi lọ sí Àbíjàn. Àwáwù ń rán kásẹ́ẹ̀tì sí i. Èyí tó gbówó lórí jù lọ́wọ́ Cornelius ló máa ń rà, nítorí kò fẹ́ kí ohùn òun falẹ̀ létí ọkọ. Kò rí èsì kankan. Ọdún yípo, ó tún yípo.

Àmúdà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ láti máa rí ọmọ rẹ̀ ní gáréèjì lójoojúmọ́.

"Bí Iléyá yìí bá kọjá tí a ò gbúròó ọkùnrin yẹn," ó ní, "àlùfáà á tú yìgì. Ládòkun ti ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Ládòkun ní màlúù lọ́nà Kìṣí. Ó ní ìyàwó mẹ́ta tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn kì í bá òun náà sọ̀rọ̀.

Àwáwù sáré lọ bá Mùstàfá. Ó na kásẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ti inú páálí tó ń dán.

"Ta ló máa gbé e lọ?" Mùstàfá bi í.

"Jẹ́ẹ́dé dírẹ́bà ni. Òun ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ."

"Dá a padà fún Cornelius. Èyí tó bá wu Jẹ́ẹ́dé, Mọ́nsúrù ò ní gbọ́ ọ."

Ó tú bébà sìmẹ́ǹtì, ó mú tirẹ̀ jáde. Àwáwù rí i, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ̀ẹ̀kan tó kù fún mi nìyí. Èyí á mú ohùn mi falẹ̀."

"Jẹ́ kó falẹ̀. Kó sáà dé."

Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ó tẹ rẹ́kọ́dà. Ó ní, "Ó ń gbà á. Sọ̀rọ̀, ọmọ mi, má kánjú."

Ní gáréèjì, Jẹ́ẹ́dé gba kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ Mùstàfá, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Bọ̀dá Mùstàfá, kí lèyí?" Mùstàfá ní kí ó sáà máa gbé e lọ.

Iléyá dé. Wọ́n pa àgbò. Lọ́rì Jẹ́ẹ́dé kò dé. Iléyá kọjá.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn Ládòkun ti wà ní pálọ̀ Àmúdà, Ládòkun fúnra rẹ̀ láàárín wọn. Obì àti oyin wà lórí ẹní. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe àlùfáà. Àwáwù wà nínú yàrá. Àmúdà ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé òun kọ́ ló pe ìpàdé náà.

Fèrè lọ́rì dún.

Mùstàfá ti wà létí títì láti òwúrọ̀. Ó sáré wọlé, bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bébà sìmẹ́ǹtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́nsúrù ti fi èsì sí apá kejì kásẹ́ẹ̀tì kan náà.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan jáde, ó nípọn, ó ń wọ́lẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Àmúdà bi í.

"Mọ́nsúrù ni."

"Mọ́nsúrù tí mo fún lọ́mọ, bí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń sọ̀rọ̀. Màlúù lèyí."

Ládòkun gbọ́ màlúù, ó yíjú.

"Bàbá Àwáwù, ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀." Mùstàfá ṣí ẹnu rẹ́kọ́dà. Ó ki ọmọ ìka ìkẹyìn bọ̀ ọ́, ó ń ran kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ láti yí. Ohùn náà gbéra nílẹ̀. Ó yá díẹ̀. Ó tún yá. Àmúdà sún mọ́ ọn.

"Mùstàfá, ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń fi ìka ṣe ohùn yẹn?"

Mùstàfá yíjú láti dá a lóhùn. Ìka rẹ̀ dúró. Ohùn náà rì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Àna yín ń kú lọ."

Òógùn ń kán láti imú Mùstàfá, kò lè nù ún. Ohùn náà tún gbéra. Ó ní, "Bàbá, ẹyọ kan yìí ni mo rí gbà láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí. Mo rò pé ẹ ti mú Àwáwù fún ẹlòmíràn. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n wálé. Bí a bá ti ká kòkó tán, mò ń bọ̀. Àwáwù, ṣé o ṣì ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?"

Àwáwù rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ẹ̀rín náà di ẹkún.

Àmúdà gbé obì nílẹ̀, ó fi lé àwọn èèyàn Ládòkun lọ́wọ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Mùstàfá ní kí wọ́n máa gbé obì lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi oyin sílẹ̀, nítorí ìka òun ti bó.

Àmúdà lọ bá Jẹ́ẹ́dé ní gáréèjì. Ó bi í pé níbo ni àwọn tó kù wà. Jẹ́ẹ́dé họ orí.

"Bàbá, àwọn yẹn ti dára jù. Orin ló wà nínú wọn báyìí."

"Èyí ńkọ́?"

"Mo gbọ́ ọ díẹ̀. Mo rí i pé á sọ olórin mi di aláìsàn. Ni mo bá kúkú gbé e fún ẹni tó ni ín."

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bèèrè bóyá ó yẹ kí èèyàn ra pọ́ọ́kú yẹn, nígbà tí èyí tó dára ti kún ọjà. Bí orin lo fẹ́ gbọ́, má rà á. Bí o bá fẹ́ kí nǹkan dé ibi tí o rán an, rà á.

Ẹ má bínú pé mò ń pe àwọn àgbà ní orúkọ. Àwáwù ni ìyá mi. Mọ́nsúrù ni bàbá mi. Bí mo bá ti tètè sọ ọ́, ẹ ò ní bá wọn dúró de lọ́rì.

Bàbá Mùstàfá, onírẹ́kọ́dà wa, ṣàìsàn lọ́dún yìí. Nọ́ọ̀sì Florence ní abẹ́rẹ́ mẹ́fà ni wọ́n máa gbà. Bàbá ní mẹ́ta. Florence kò yọ ẹyọ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ikú dé. Òun náà kò yọ.

Níbi fidáù, Cornelius gbé rẹ́kọ́dà ńlá wá, ọ̀fẹ́ ni. Màmá mi wọlé, wọ́n mú bébà sìmẹ́ǹtì jáde nínú àpótí wọn. Apá kìíní ni wọ́n fi sí i, níbi tí ohùn tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú rẹ̀, ohùn Bàbá Mùstàfá wà níbẹ̀. Gbólóhùn méjì péré ni.

Kásẹ́ẹ̀tì náà ń wọ́. Màmá mi ki ọmọ ìka wọn bọ̀ ọ́, wọ́n ń ràn án lọ́wọ́. "Ó ń gbà á," ohùn náà wí, bí ìgbà tí wọ́n wà láyé gan-an. Ni ẹkún bá gbé màmá mi. Ìka wọn dúró. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

Bàbá mi na ọwọ́ láti gbà á. Cornelius di ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ jẹ́ kó falẹ̀," ó ní.

A jẹ́ kó falẹ̀. Bàbá Mùstàfá ní kí ọmọ àwọn má kánjú. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.