Ọjọ́ Tí A Lé Jámánì Tó Ti Lọ

Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọwọ́ òsì ni mo fi lé ìjọba Jámánì kúrò ní Ìlọrin, ọwọ́ ọ̀tún mi ń jẹ wàrà lọ ní tiẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì bí yín nígbà náà.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, síbẹ̀ mo wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn Jámánì ti ní àwọn máa lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ọdún kan, wọ́n á gbé ilé ẹjọ́ lé wa lọ́wọ́. Ọdún mìíràn, ó di omi ẹ̀rọ. Tí páìpù bá bẹ́ ní àdúgbò Fate, a ò mọ ẹni tí à bá bú. Ẹlòmíràn á bú Kaisa, ọba wọn, á tún bú ọmọ bàbá tiẹ̀ tó gba iṣẹ́ omi mọ́ ọn, kó má baà ṣì í.

Ọ̀rẹ́ mi Sálíù, tó ń to lẹ́tà, ló ní sùúrù òun ti tán. Ó ní ká daṣẹ́ sílẹ̀ títí ọ̀gá wa, Jámánì onírun-imú pupa kan, yóò fi gbé ilé iṣẹ́ náà lé wa lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àtìní, a dúró síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ lábẹ́ àsíá wọn, a ń pariwo. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tó jáde wọ bàbàrìgá. Yàkúbù ni, ọmọ Alfa tó kọ́ wa ní kéwú.

"Ta lẹ ń lé?"

"Jámánì ni," Sálíù dáhùn.

"Ó ti lọ láti Jímọ̀ọ̀. Èmi ni ọ̀gá yín báyìí."

"Irọ́ ni! Àsíá wọn rèé lókè!"

"Okùn ló há. À ń wá ẹni tó máa gun òpó."

A wo ara wa. Àwọn kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, àwọn kan ń bèèrè bóyá ìdaṣẹ́sílẹ̀ ti parí ni àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi ò mọ̀ bóyá kí n kí Yàkúbù kú oríire ni, àbí kí n máa lé e lọ.

Ó ka òfin kan sí wa létí, èyí tí Jámánì fi sílẹ̀ fún un: ẹni tó bá kó òṣìṣẹ́ jáde, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló kó yín jáde?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n." Sálíù ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni.

"Ó dáa. Má padà wọlé."

Nígbà náà ni mo bọ́ síwájú, mo na ìka sí Yàkúbù nímú: "Ìwé Jámánì lo fi ń lé ọmọ Ìlọrin? Bí Sálíù bá lọ, gbogbo wa la lọ!" Jìnnìjìnnì bò ó, fìlà já bọ́ lórí rẹ̀.

Lónìí, àsíá tiwa ló wà lókè níbẹ̀. Ìyẹn la jèrè. Bárékè àwọn sójà ṣì wà lọ́wọ́ Jámánì, wọ́n ní ó ku díẹ̀. Sálíù ru àpò ọkà ní ọjà Ìpàtà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo láti pè é padà, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà niṣẹ́ wa. Ní ìjẹta, ó bi mí lórí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí: "Ta la tilẹ̀ lé lọ́jọ́ náà?"

Ibi tí mo ti purọ́ fún yín gan-an ni ti ìka tí mo nà sí Yàkúbù. Mi ò bọ́ síwájú, mi ò la ẹnu. Bí Sálíù ṣe ń lọ sílé, mo wọlé, mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to lẹ́tà.