Irun Dúdú Nìkan

Báírò ló fi máa ń ṣe é. Kì í fi ọwọ́ kan irun ẹnikẹ́ni. Yóò yí báírò náà padà, yóò fi ìdérí rẹ̀ gbé etí nẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, lẹ́yìn etí ọ̀tún, níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Yóò tẹ orí tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Yóò wò ó bí ẹni tó ń wo etí ẹja lọ́jà, bóyá ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà yóò jẹ́ kí nẹ́ẹ̀tì náà padà sílẹ̀, yóò sì nu ìdérí báírò mọ́ aṣọ ara rẹ̀.

"Wọlé."

Tàbí: "Padà sílé."

Fàúsát Làsísì ni orúkọ rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń dúró sí ẹnu géètì ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan láàrin Ọgbà àti Àgídìngbì, láago méje òwúrọ̀, tó ń yẹ orí àwọn obìnrin wò kí wọ́n tó wọ ibi tí wọ́n ti ń di bísíkíìtì sínú ọ̀rá. Iṣẹ́ náà kò ju pé kí irun má bọ́ sínú oúnjẹ lọ. Òun ló sọ ọ́ di ìjọba. Ìwé tó wà lára ògiri ẹnu géètì, òun ló kọ ọ́, òun ló gbé e lọ síbi tí wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó kí òjò má baà rí i pa. Irun dúdú nìkan. Àwọ̀ kankan, rárá. Wíìgì, rárá. Ẹni tó bá wọ híjáàbù yóò tú u nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì lójú obìnrin kan. Ẹni tó bá rú òfin yóò lo ọjọ́ méje nílé.

Irun dúdú, irun pupa, bákan náà ni wọ́n ń bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Mádáàmù Nẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọbìnrin ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀. Ó rò pé ìyìn ni.

Lọ́jọ́ Ajé kan ó gbé etí nẹ́ẹ̀tì Kaothar sókè. Kaothar kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, Agége ló ti ń fi ẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́. Irun dídì ló wà lórí rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ bí osùn.

"Kí lèyí?"

"Dúdú ni mo rà, mà. Ó dúdú nínú ṣọ́ọ̀bù. Àfìgbà tí mo dé inú oòrùn."

"Ṣé oòrùn ló gbà ọ́ síṣẹ́?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Lọ bá oòrùn, kó wá fún ẹ níṣẹ́."

Kaothar padà sílé fún ọjọ́ méje. Fàúsát nu báírò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn ni Fàúsát pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń wo àwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lórí fóònù: obìnrin náà gé irun mọ́lẹ̀, ó pa á ní àwọ̀ elésè àlùkò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò bímọ rí. Fàúsát kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wọ kẹ̀kẹ́ méjì kí ó lè jìnnà sí gbogbo ibi tí ọmọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lè gbà kọjá. Onídìrí tó bá níbẹ̀ gé irun rẹ̀ kù díẹ̀, ó fi kẹ́míkà bó dúdú kúrò lára rẹ̀ títí ó fi rí bí irun àgbàdo gbígbẹ, ó wá pa àwọ̀ náà lé e.

"Ṣé ó máa fọ̀ kúrò?"

"Ẹ̀ẹ̀kan tí ọṣẹ bá ti kàn án, mà. Tán ni."

Ó ya fọ́tò. Ó dúró níwájú bébà ńlá kan tí wọ́n ya àtẹ̀gùn òyìnbó sí, ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n. Ó gbé e sórí fóònù. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé e, ó wá orúkọ àwọn ará ibi iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dí wọn lójú kí wọ́n má baà rí i. Ó tó wákàtí kan tó fi ṣe ìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó fọ orí. Omi pọ́n, orí kò yí padà. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ó tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọṣẹ ìfọṣọ ló fi ṣe ìkẹrin. Awọ orí rẹ̀ ń ta á, irun sì ń dán sí i.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá tuntun kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì àgbà lọ́jọ́ Ajé, láti wá wo bí wọ́n ṣe ń yẹ orí wò. Wọ́n ti sọ fún Fàúsát pé bí ó bá tẹ́ ọ̀gá náà lọ́rùn, géètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ilé iṣẹ́ náà yóò bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kò lè sọ pé ara òun kò yá. Kò sì lè gbé orí yẹn lọ. Ó ronú kan wíìgì. Òfin ara rẹ̀ lé e padà.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ishaq, jókòó síta níwájú ilé wọn ní Dopemu, ó ń gbọ́ rédíò.

"Mo fẹ́ fá a," Fàúsát ní.

"Fá kí ni?"

"Irun mi."

Bàbá Ishaq dín ohùn rédíò kù. "Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ má fi mí ṣeré, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló ń ṣeré? Obìnrin tó fárí, tí ọkọ ẹ̀ ṣì ń jẹ̀bà. Ní àdúgbò yìí? Wọn á ti máa to àga síta kó o tó fọ abẹ. Wọn á wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, wọn á ní kí n gba ìtùnú ikú ara mi." Ó gbé ohùn rédíò sókè padà. "Lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ. Iṣẹ́ àwọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ mi."

Sàídátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé náà. Aláró ni ìyá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, Sàídátù nìkan ló sì tọ ọ̀nà rẹ̀. Ìkòkò aró méjì ló wà lẹ́yìn yàrá rẹ̀, tí ó ń pa aṣọ nínú wọn fún àwọn oníbàárà díẹ̀. Níbi iṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá bi Fàúsát léèrè iṣẹ́ ìyá rẹ̀, oníṣòwò aṣọ ló máa ń pè é.

Sàídátù wo orí náà. Ó wò ó pẹ́.

"Ta ló pa àlùkò lé ọ lórí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Kí ọ̀la tó dé."

"Ṣebí oṣù tó kọjá lo ní kí n da ìkòkò mi nù. O ní ó ń rùn dé pálọ̀ ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo kàn ń bèèrè ni. Ṣé kò rùn mọ́?"

Fàúsát kúnlẹ̀. Èyí dùn mọ́ Sàídátù. Ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kí ó tó lọ mú igbá.

Aró kì í ṣeré pẹ̀lú awọ ara. Fàúsát mọ̀: èékánná ìyá rẹ̀ kò mọ́ títí wọ́n fi sin ín. Nítorí náà ó wọ inú ilé, ó bu òrí, ó fi pa iwájú orí, ó fi pa etí àti ẹ̀yìn ọrùn, ó pa á nípọn kí aró má baà ríbi jókòó. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ irun. Sàídátù náà rí i pé etí kan kò kún tó, ó fi ìka kún un.

Ọmọ aláró méjì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ pé aṣọ tó bá ní epo lára kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìkòkò, pé ibi tí ọ̀rá bá wà, aró á kọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ aṣọ ni, ọ̀kan nínú wọn ì bá ti pariwo.

Sàídátù da aró sí i lórí, ó ní kó jókòó sínú afẹ́fẹ́. Ó tún da òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Omi aró ń ṣàn gba ẹ̀yìn Fàúsát lọ sílẹ̀, òórùn rẹ̀ bo gbogbo àgbàlá. Fàúsát kò sọ̀rọ̀ nípa òórùn.

Nígbà tí ó gbẹ, wọ́n gbé dígí wá.

Àárín orí mú aró dáadáa, ó ṣú bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀. Ṣùgbọ́n yíká etí, níwájú orí, àti níbi tí ìka mẹ́rin ti nu òrí gba àárín kọjá, àwọ̀ àlùkò jókòó síbẹ̀, ó ń dán.

Sàídátù di ògiri mú. Ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè dúró. "Àdìrẹ! Fàúsá, àdìrẹ ni! Ká ní aṣọ ni, mi ò bá ti tà á kílẹ̀ tó ṣú."

"Ṣé ẹ̀yin náà ò rí òrí lọ́wọ́ mi ni?"

"Mo rí i. Mo rò pé ò ń para ni."

"Ẹ tún da òmíràn sí i."

"Agbára ìkòkò ti tán. Ó di ọjọ́ mẹ́ta kó tó lè mú nǹkan." Sàídátù nu ojú. "Àti pé kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Èyí tó mú un yìí, dúdú ni. Láyé ìyá wa, aṣọ tó bá gba aró gbó, kí la ń pè é? Dúdú. Sọ fún wọn pé dúdú ni."

Fàúsát gbé dígí náà sílẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ọmọbìnrin kan tí irun dídì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró ti sọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an fún un lẹ́nu géètì, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Ó ti dá a lóhùn pé kó lọ kọ́ dúdú wá nílé ìwé. Ọmọ náà kò padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méje. Fàúsát rántí ìdáhùn tó fún un. Kò rántí orúkọ rẹ̀.

Ó yá híjáàbù Sàídátù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Suara, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, rí i tó ń bọ̀. Suara kì í pa ìrun jẹ. Ó dìde lórí àga.

"Alihamudulilahi! Mádáàmù, ẹ ti rí ọ̀nà. Ẹ kú oríire, Alhaja."

"Mi ò lọ Mẹ́kà, Suara."

"Ọkàn yín ti lọ. Ara ló kù."

Ọdún mọ́kànlá, gèlè ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọbìnrin lórí ìlà ń wo ara wọn. Ọ̀kan lẹ́yìn pátápátá kígbe, "Asàlámù àlékúmù, Ìyá Àdínnì!" Ìlà náà rú sókè fún ẹ̀rín. Fàúsát dáhùn sálámà náà tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Ó yọ báírò rẹ̀. Ó lé ẹni méjì padà kí aago méje ààbọ̀ tó lù. Ìkejì, fífọ̀ àti gbígbó ló sọ irun rẹ̀ di pupa ràkọ̀ràkọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Fàúsát nawọ́ sí ìwé ara ògiri.

Ọ̀gá tuntun náà dé nínú kóòtù funfun. Tẹniọlá ni orúkọ rẹ̀, ó lè jẹ́ ọmọ Fàúsát. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó dúró tì í, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ó ka ohun tó wà lára ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó dára gan-an, mà. Àwọn tó wọ híjáàbù ńkọ́?"

"Wọ́n ń tú u nínú yàrá yẹn, lójú obìnrin kan."

"Ta ni obìnrin náà?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ta ló ń wo tiyín?"

Ó bèèrè bí ẹni tó ń bèèrè aago. Báírò rẹ̀ dúró lórí ìwé, ó ń retí orúkọ.

Suara dá sí i. "Òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, mà. Ẹ bá wa dúpẹ́."

"Èmi lè bá yín wò wọ́n, mà."

Kaothar ni. Ọjọ́ méje rẹ̀ ti pé. Ó ti tú irun dídì náà, òwú dúdú ló fi dì í, ó dúró níwájú ìlà.

"Mi ò ní pẹ́," ó ní.

Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ó dára," Tẹniọlá ní. "Ìṣẹ́jú kan péré, mà, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀."

Kaothar ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà. Ó dì í mú fún un, ó tẹ orúnkún. "Ẹ wọlé, mà."

Fàúsát wo inú yàrá. Àga kan ló wà níbẹ̀, àti ìṣó tí wọ́n ń fi híjáàbù kọ́.

"Mo gbàgbé nǹkan kan síta," ó ní. "Mò ń bọ̀."

Ó gba iwájú Suara kọjá. Suara na ọwọ́ kí i. Fàúsát yà sí ọ̀tún, níbi tí ọ̀nà ti lọ sí Ọgbà. Kẹ̀kẹ́ kan rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awakọ̀ yọrí síta: "Ọgbà, Ìyá? Ẹyọ kan ló kù." Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Atẹ́gùn ń gbé híjáàbù náà láti ẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú lábẹ́ àgbọ̀n, ó ń lọ.