Ọjọ́ Tí Ojú-Ewé Àwọn Ẹlẹ́yẹlé Kú

Inú Lutgart Vandewiele kì í pẹ́ bí. Gbogbo Lauwerzele, abúlé rẹ̀, ló mọ̀. Àmọ́ kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á wá máa fara balẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun kápẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tì í pa, ó lọ kọ́ iṣẹ́ sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ojú-ewé àwọn èèyàn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Kortrijk gbà á, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ tí àwọn yòókù kò fẹ́, èyí tó jẹ mọ́ ètò tí a dì.

Ẹni tó bá kọ ètò ní PHP, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú rẹ̀, á dì í. Bí o bá ṣí i, wúruwùru lásán lo máa rí. Sáfà gan-an kò lè kà á, àfi bí wọ́n bá so nǹkan kékeré kan mọ́ ọn tó ń tú u. Atúdì ni Lutgart ń pè é. Atúdì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀dà PHP tó wà lórí sáfà mu. Bí ẹ̀dà bá yí padà, atúdì àtijọ́ kò wúlò mọ́, ojú-ewé á kú, oníbàárà á sì gbé fóònù. Wọn kì í bú ẹni tó di ètò náà. Wọn kì í bú ẹni tó yí ẹ̀dà padà. Lutgart tó dá wọn lóhùn ni wọ́n ń bú. Ó gba èébú yẹn títí ó fi fẹ́yìn tì.

Ẹlẹ́yẹlé ni Firmin ọkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdajì àwọn ọkùnrin Lauwerzele. Wọ́n á fi ọkọ̀ kó ẹyẹlé lọ sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n á tú wọn sílẹ̀ láàárọ̀, ẹyẹ kọ̀ọ̀kan á fò padà sílé olówó rẹ̀, òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì sọ ìṣẹ́jú tó balẹ̀ fún agogo tó wà nílé náà. Ẹyẹ tó kọ́kọ́ délé kọ́ ló ń gba ipò kìíní, nítorí ilé kan jìnnà ju ilé mìíràn lọ. Bí ẹyẹ ṣe yára tó lójú ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Ètò kan tó wà lójú-ewé ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́yẹlé ló ń ṣe ìṣirò náà, bí ọ̀nà ilé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣe jìn tó sì wà nínú rẹ̀. Kamiel, ọmọ oníbúrẹ́dì, ló kọ ọ́. Ó dì í, ó sì kó lọ sí Kánádà. Lutgart ló ń tọ́jú sáfà náà fún ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Sátidé tí wọ́n sá eré ìkẹyìn ọdún náà, Firmin ló wà níwájú nínú àròpọ̀ gbogbo eré ọdún. Odiel Lammertyn, alága ẹgbẹ́, ló tẹ̀ lé e. Bí Odiel bá borí lọ́jọ́ náà, òun ló máa gba ife-ẹ̀yẹ. Bí eré náà bá sì di òfo, ti Firmin ni. Àbájáde gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn alákòóso gbogbo ẹgbẹ́ ẹlẹ́yẹlé kí agogo méje ìrọ̀lẹ́ tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eré á di òfo, orí ojú-ewé yẹn nìkan ni wọ́n sì ti ń gbà á.

Ẹyẹ Odiel ti balẹ̀ ṣáájú ti Firmin, ṣùgbọ́n ilé Odiel sún mọ́ Faransé jù. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó borí. Gbogbo wọn gbé agogo wọn wá sí ilé ọtí Nadine, wọ́n jókòó ti bíà àti wàràkàṣì.

Nadine ló kọ́kọ́ wí i. "Ojú-ewé ò ṣí o."

"Báwo ló ṣe máa ṣí?" ni Odiel wí. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò fẹ́ kó ṣí."

Lutgart gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Ta lò ń bá wí?"

"Èmi ò dárúkọ ẹnì kankan. Mo kàn ń béèrè ni. Bí eré òní bá di òfo, ọkọ ta ló máa gbé ife lọ sílé?"

Àwọn kan wo Firmin. Àwọn kan wo inú bíà wọn. Lutgart rí i pé kò sẹ́ni tó sọ pé irọ́ ni. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

"Nadine," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "bá mi pa rédíò yẹn."

Ó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì tó wà láàárín ilé, ó sì yí ojú rẹ̀ sí àwọn èèyàn. "Ẹ máa wò mí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ lọ́la pé kọ̀rọ̀ ni mo ti ṣe é."

Ojú-ewé ní òun kò ní atúdì. Lutgart wo sáfà. Ẹ̀dà PHP tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tó fi síbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yí i.

"Ta ló yí ẹ̀dà padà?"

Odiel fi mùsítáàdì ra wàràkàṣì. "Àwọn tí a háyà sáfà lọ́wọ́ wọn ló kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní tuntun yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé ká fi tuntun síbẹ̀. Mo wọlé, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ṣé gbogbo ohun tí mo bá ṣe ni màá máa wá rò fún ẹ? Èmi ni alága."

Lutgart kọjú sí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó lọ mú atúdì tó bá ẹ̀dà tuntun mu. Oríṣi méjì ló wà fún ẹ̀dà kan náà, ó wo bí sáfà ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó mú èyí tó yẹ. Ó fi í sínú fódà àwọn ìsọmọ́, ìyẹn àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ PHP. Ó kọ ìlà rẹ̀ sínú fáìlì àṣẹ, ó fi í ṣíwájú àwọn ìlà ìsọmọ́ yòókù, nítorí bí ó bá wà lẹ́yìn wọn kò ní ṣiṣẹ́. Ó bi sáfà léèrè. Sáfà ní atúdì ti wà. Ó ṣí ojú-ewé. Ojú-ewé ní kò sí.

"Ẹ rí i?" ni Odiel wí. "Ó ń fi àkókò wa ṣeré."

Lutgart gé ètè rẹ̀ jẹ. Fáìlì àṣẹ méjì ló wà lórí sáfà. Ọ̀kan wà fún ẹni tó bá ń tẹ àṣẹ láti kọ̀ǹpútà, èkejì wà fún ojú-ewé. Èyí àkọ́kọ́ ló kọ ọ́ sí. Àṣìṣe àwọn akọ́ṣẹ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn wí nítorí rẹ̀ rí, ìbínú wá di méjì. Ó kọ ìlà náà sínú èkejì, ó pa PHP, ó tún un tàn.

Ojú-ewé kò béèrè atúdì mọ́. Ó wá ní fáìlì ìṣirò ti bàjẹ́.

"Àwáwí míì tún ti dé," ni Odiel wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Firmin fà sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Fi í sílẹ̀, jàre. Jẹ́ kí wọ́n fagi lé e. A ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni."

Lutgart kò sọ tirẹ̀ sí i létí. "Firmin, bí o bá tún sọ bẹ́ẹ̀, àárín àwọn ẹyẹlé ẹ lo máa sùn."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Firmin padà sí àyè rẹ̀. Àmọ́ Lutgart kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá fi í sílẹ̀, ọkọ òun á gba ife, òun á sì máa jẹ́ olè ní Lauwerzele títí wọn á fi sin òun.

Ó wo ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan fáìlì náà kẹ́yìn. Ọjọ́bọ̀ kan náà ni, lẹ́yìn tí ẹ̀dà ti yí. Ẹni méjì péré ló lè wọlé síbẹ̀.

"Odiel. Kí lo ṣe sí fáìlì yìí?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn wò ó ni."

"Báwo lo ṣe wò ó?"

"Mo ṣí i. Mo ti wọlé síbẹ̀ náà, mo bá ní kí n wo iye ọ̀nà tí ẹ kọ sí ilé ẹyẹlé mi." Ó gbé àgbọ̀n sókè. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń rẹ́ mi jẹ."

"Kí lo rí?"

"Wúruwùru. Mo bá tì í."

"Nígbà tó o fẹ́ tì í, kọ̀ǹpútà bi ẹ́ bóyá kí òun fi í pamọ́. Kí lo tẹ̀?"

Odiel wo inú bíà rẹ̀. "Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

Achiel, àgbẹ̀ tó ń sin màlúù, lu tábìlì. "Alága wa! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni nìkan lọwọ́ ẹ mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni? Ìyàwó ẹ mà ń jayé o!"

Ilé mì fún ẹ̀rín. Etí Odiel pọ́n bí ata.

"Ohun tí wọ́n bá ti dì," ni Lutgart wí, "o ò gbọ́dọ̀ ṣí i bí ẹni ń ṣí lẹ́tà. Kọ̀ǹpútà ẹ rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ohun tí kò yé e nínú ẹ̀, ó fi nǹkan míì rọ́pò ẹ̀. Bí àmì kan ṣoṣo bá yàtọ̀, atúdì ò ní gbà á mọ́."

Ẹ̀dà fáìlì náà tó mọ́ wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, bí Kamiel ṣe fún un gẹ́lẹ́. Ó fi ránṣẹ́ sí sáfà, ó sì ṣọ́ ọ kó má lọ bí ọ̀rọ̀ lásán, kó lọ bó ṣe wà. Ó tún ṣí ojú-ewé. Ó ṣí.

Wọ́n kó agogo wá, wọ́n so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ti ìkẹyìn wọlé, àbájáde jáde. Lutgart kọ́kọ́ kà á sínú. Firmin ń wo ojú rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń wo ojú yẹn. Ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó fi í sórí orúnkún.

Lutgart dìde dúró, ó kà á síta. "Ẹnì kìíní, Odiel Lammertyn. Ẹnì kejì, Firmin Vandewiele." Ó ka àwọn yòókù títí dé òpin, ó sì tẹ bọ́tìnnì tó fi í ránṣẹ́. Agogo méje kò tíì lù.

Odiel dìde. Ẹ̀rín ti kún ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Lutgart. "Lutgart, o ṣeun. Kí lo máa mu? Ohunkóhun tó o bá fẹ́."

"Gbé ọwọ́ ẹ sápò."

"Họ́wù, ọ̀rọ̀ ti tán, àbí kò tán?"

"Kò tán. Ohun tó o sọ nípa mi lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé yìí lo sọ ọ́ sí létí. Sọ pé irọ́ lo pa."

"Mi ò kúkú dárúkọ…"

"Odiel."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí ẹni tó gbà á sílẹ̀. "Ó dáa. Mo ṣì í sọ."

"Mi ò gbọ́. Achiel, ṣé ìwọ gbọ́?"

"Etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ dáa," ni Achiel wí.

"Irọ́ ni mo pa!" ni Odiel kígbe. "Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ó tán, àbí?"

Lutgart pa láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. Ó wo àwọn tó jókòó yí ká, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn tó ń bá a jẹ, tó ń bá a mu. "Ó ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ dákẹ́," ó wí.

Wọ́n tún wo inú bíà wọn. Firmin lọ bọ Odiel lọ́wọ́, ó kí i kú oríire, nítorí ẹyẹ náà sáré dáadáa, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó bá ìyàwó rẹ̀ jáde.

Nígbà tí wọ́n ti rìn kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, Firmin bi í pé, "Ṣé inú ẹ ti rọ̀?"

"Kò rọ̀," ni Lutgart wí, ó sì tẹsẹ̀ mọ́rìn.